ÀMÚWÁ ỌLỌ́RUN ÀTI ỌWỌ́ ÈNÌYÀN: ÀLÀYÉ LÓRÍ ÀṢẸ ỌLỌ́RUN ÀTI ÒMÌNIRA ÈNÌYÀN NÍNÚ ÌGBÀGBỌ́ KRÌSTẸ́NÌ

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń fa àríyànjiyàn láàrin àwọn Krìstẹ́nì láti ayé àtijọ́: bí Ọlọ́run bá ní àṣẹ lórí ohun gbogbo, ṣé ènìyàn ṣì ní òmìnira láti yàn, ṣé ó sì tọ́ kí á bi í léèrè ohun tí ó ṣe? Iṣẹ́ náà tọpa àríyànjiyàn yìí láti ìgbà Augustine àti Pelagius títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ìjọ tí ó mú un wọ Nàìjíríà. Ó fi hàn pé bí ohùn àwọn ìjọ ńlá wọ̀nyí kò tilẹ̀ ṣọ̀kan lórí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kọ́ni pé ènìyàn kò ní jíhìn ìṣe rẹ̀. Ohun tí ó ń da ọ̀rọ̀ rú nínú kíláàsì wa ni pé a ń fi àyànmọ́, kádàrá àti ìyàn-tẹ́lẹ̀ rọ́pò ara wọn bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Àbá mẹ́rin fún àwọn tí ń kọ́ olùkọ́ ni a fi kásẹ̀ iṣẹ́ náà nílẹ̀.

Ìfáárà

Gbólóhùn kan wà tí Yorùbá máa ń sọ nígbà tí ọ̀ràn bá kọjá agbára ẹni: "Àmúwá Ọlọ́run ni." Gbólóhùn ìtùnú ni. A máa ń sọ ọ́ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kí ìrònú má baà gbé e dè. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yìí kan náà ni a ń gbọ́ nígbà tí awakọ̀ tí ó mọ̀ pé bíréèkì ọkọ̀ òun kò dára bá kó èrò sínú kòtò. Òun ni a ń gbọ́ nígbà tí ilé tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tí kò tó kọ́ bá wó lu àwọn tí ń gbé inú rẹ̀. Òun náà ni a ń gbọ́ nígbà tí aláboyún tí wọn kò tètè gbé dé ilé ìwòsàn bá kú. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìtùnú ti di aṣọ tí a fi bo ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣí ìwé yóò sọ pé bí Ọlọ́run bá ti kọ ọ́ pé òun yóò yege, òun yóò yege. Olùkọ́ tí ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀ kò yé ọmọ yóò sọ pé ọmọ náà kò ní orí ìwé. Àwọn méjèèjì ti gbé ẹrù ara wọn lé Ọlọ́run lórí, wọ́n sì rò pé ìgbàgbọ́ ni.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwa tí a ń kọ́ olùkọ́. Àṣẹ Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́dàá àti alákòóso ayé wà lára àwọn orí ọ̀rọ̀ tí JAMB là sílẹ̀ fún Ìmọ̀ Ẹ̀sìn Krìstẹ́nì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti ọwọ́ wa jáde ni yóò lọ kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Bí orí ọ̀rọ̀ yìí kò bá yé e, ohun tí yóò gbìn sí ọkàn ọmọ náà lè jẹ́ ìmẹ́lẹ́, ó sì lè jẹ́ àìbìkítà.

Àlàyé lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Àṣẹ Ọlọ́run ni ìgbàgbọ́ pé Ọlọ́run ni ọba lórí ohun gbogbo, pé kò sí agbára tí ó ju tirẹ̀ lọ, àti pé ètò rẹ̀ kò lè fọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí Yorùbá tí ń pe Ọlọ́run ní Alèwílèṣe àti Ọba Aṣèyíówùú.

Òmìnira ènìyàn kò túmọ̀ sí pé ènìyàn lè ṣe ohun gbogbo tí ó wù ú. Kò sí ẹni tí ó yan bàbá rẹ̀, ìlú rẹ̀ tàbí èdè tí ó kọ́kọ́ fọ̀. Ohun tí a ní lọ́kàn ni pé bí ènìyàn bá ṣe ohun kan, láti inú ara rẹ̀ ni ó ti ṣe é, nítorí náà a lè yìn ín, a sì lè dá a lẹ́bi.

Ìmọ̀-tẹ́lẹ̀ ni pé Ọlọ́run mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ìyàn-tẹ́lẹ̀ ní tirẹ̀ ni pé Ọlọ́run ti yan àwọn ènìyàn fún ìgbàlà nínú Kristi ṣáájú. Ìwé Róòmù 8:29-30 àti Éfésù 1:4-5 ni gbogbo ìjọ máa ń tọ́ka sí lórí èyí. Ó yẹ kí á ya ìmọ̀-tẹ́lẹ̀ àti ìyàn-tẹ́lẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí orí ìyàtọ̀ yìí gan-an ni àwọn ìjọ ti pínyà.

Ìtàn mẹ́ta nínú Bíbélì

Bíbélì kò fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ni bí ẹni ń ṣe ìṣirò. Inú ìtàn ni ó fi í sí, mẹ́ta sì wà tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀ dáadáa.

Èkíní ni ìtàn Jósẹ́fù. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tà á fún àwọn oníṣòwò tí ń lọ sí Íjíbítì. Nígbà tí ó yá, òun ni ó bọ́ wọn nígbà ìyàn. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 50:20, Jósẹ́fù sọ fún wọn pé ibi ni wọ́n pète sí òun, ṣùgbọ́n ire ni Ọlọ́run pète. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé wọn kò ṣe ibi, kò sì sọ pé Ọlọ́run kò sí níbẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni, ète méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Ète Ọlọ́run kò sọ ète àwọn ẹ̀gbọ́n di rere.

Èkejì ni ìtàn Fáráò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Ọlọ́run sé ọkàn Fáráò le, ó sì tún fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí ọkàn líle náà. Bí a bá ka ìwé Ẹ́kísódù ní ẹsẹẹsẹ, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lóòótọ́, Ọlọ́run ti sọ fún Mósè ṣáájú, ní 4:21 àti 7:3, pé òun yóò sé ọkàn Fáráò le. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyọnu bẹ̀rẹ̀, 8:15 àti 8:32 sọ pé Fáráò fúnra rẹ̀ ni ó sé ọkàn ara rẹ̀ le. Ó di ìyọnu kẹfà, ní 9:12, kí á tó kà á pé Olúwa ni ó sé e le. Ní 9:34, Fáráò ni a tún dárúkọ. Ìwé náà dárúkọ àwọn méjèèjì, kò sì fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ìrìn àjò Pọ́ọ̀lù lórí omi, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27. Ènìyàn 276 ni ó wà nínú ọkọ̀ náà nígbà tí ìjì dé. Ángẹ́lì ti sọ fún Pọ́ọ̀lù pé kò sí ẹni tí yóò kú nínú wọn. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn atukọ̀ fẹ́ yọ́ sá lọ, Pọ́ọ̀lù náà ni ó kìlọ̀ ní ẹsẹ 31 pé bí àwọn wọ̀nyẹn kò bá dúró, àwọn tó kù kò ní lè là. Ìlérí Ọlọ́run kò sọ iṣẹ́ atukọ̀ di aláìnílárí. Ọwọ́ atukọ̀ ni ìlérí náà gbà wá sí ìmúṣẹ.

Ìrìn àríyànjiyàn náà nínú ìjọ

Ilẹ̀ Áfíríkà ni àríyànjiyàn tí a mọ̀ jù lọ ti gbóná. A bí Augustine ní Thagaste, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlùjíríà lónìí, ní ọdún 354. Òun ni bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo títí ó fi kú ní ọdún 430. Ẹni tí wọ́n jọ figẹ̀ wọngẹ̀ ni Pelagius, ọmọ ilẹ̀ Bìrìtìkó tí ó ń kọ́ni ní Róòmù. Ohun tí ó ń bí Pelagius nínú kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí a sọ nínú ìfáárà: ó rí àwọn Krìstẹ́nì tí ń gbé ìgbé-ayé jákujàku, tí wọ́n sì ń fi àìlera ẹ̀dá ṣe àwáwí. Ó ní bí Ọlọ́run bá pàṣẹ, ó ti fún ènìyàn ní agbára láti pa á mọ́ nìyẹn. Augustine dá a lóhùn pé ẹ̀ṣẹ̀ ti ba ìfẹ́ inú ènìyàn jẹ́ débi pé bí oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run kò bá kọ́kọ́ dé, ènìyàn kò lè yan Ọlọ́run. Ìgbìmọ̀ ìjọ tí ó jókòó ní Carthage ní ọdún 418 dá ẹ̀kọ́ Pelagius lẹ́bi. Ní ọdún 529, ìgbìmọ̀ Orange ní ilẹ̀ Faransé fi ọwọ́ sí i pé oore-ọ̀fẹ́ ni ó ń ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ yìí kan náà kọ̀ ọ́ pátápátá pé Ọlọ́run yan ẹnikẹ́ni sí ibi.

Ọ̀rọ̀ náà tún hù ní ìgbà Àtúnṣe Ìjọ. Ní ọdún 1524, Erasmus kọ ìwé láti gbèjà òmìnira ìfẹ́ inú. Ó béèrè pé bí ènìyàn kò bá lè yàn, kí ni ìwúlò òfin? Ní ọdún 1525, Luther fèsì pé nínú ọ̀rọ̀ ìgbàlà, ìgbèkùn ni ìfẹ́ inú ènìyàn wà. Síbẹ̀, Luther gbà pé ènìyàn ní òmìnira lórí ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, bí owó àti ilé rẹ̀. Calvin, tí ìwé ńlá rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1536, kọ́ni ní ìyàn-tẹ́lẹ̀ láìfọ̀rọ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n ó ní kì í ṣe ipá ni a fi ń mú ẹlẹ́ṣẹ̀ dẹ́ṣẹ̀; ó ń fẹ́ ohun tí ó ń ṣe. Ìjọ Kátólíìkì, ní ìgbìmọ̀ Trent ní ọdún 1547, sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù sọ òmìnira ènìyàn di aláìlera, ṣùgbọ́n kò pa á.

Ní ilẹ̀ Netherlands, Arminius, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Leiden, kọ́ni pé oore-ọ̀fẹ́ ni ó ń ṣáájú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn lè kọ̀ ọ́. Àti pé àwọn tí Ọlọ́run mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọn yóò gbàgbọ́ ni ó yàn. Ó kú ní ọdún 1609. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbé kókó márùn-ún kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ Dort, tí ó jókòó láti ọdún 1618 sí 1619, kọ kókó wọ̀nyí. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ Dort náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé oore-ọ̀fẹ́ kì í ṣe ènìyàn bí igi tàbí òkúta.

Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń bi wá ni pé, bí Ọlọ́run bá ti mọ̀ ọ́n, ṣé mo lè ṣe òmíràn? Àwọn kan dáhùn pé mímọ̀ kọ́ ni ṣíṣe: àgbẹ̀ tí ó wo ojú ọ̀run tí ó ní òjò yóò rọ̀ kọ́ ni ó rọ òjò náà. Àkàwé yìí dára, ṣùgbọ́n kò tó, nítorí àgbẹ̀ lè ṣì í, Ọlọ́run kì í ṣì í. Molina, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Spain, gbìyànjú láti dí àlàfo yìí ní ọdún 1588. Ó ní Ọlọ́run mọ ohun tí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan yóò fi òmìnira ara rẹ̀ yàn ní ipòkípò tí ó bá bá ara rẹ̀, àti pé orí ìmọ̀ yìí ni Ọlọ́run gbé ètò rẹ̀ kà. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Calvin kò gbà á. Títí di òní, kò sí ìdáhùn kan tí gbogbo ìjọ jọ tẹ́wọ́ gbà.

Bí àríyànjiyàn náà ṣe wọ Nàìjíríà

Àwọn ìjọ tí ó wá sí ilẹ̀ wa kò wá ní ọwọ́ òfo. Ẹnìkọ̀ọ̀kan mú ìpín tirẹ̀ nínú àríyànjiyàn yìí wá. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dé Àgbádárìgì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842. Ọmọ ẹ̀yìn John Wesley ni wọ́n, Wesley sì ni ó wàásù lòdì sí ẹ̀kọ́ Calvin lórí ìyàn-tẹ́lẹ̀ ní ọdún 1739, tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Whitefield fi pínyà lórí rẹ̀. Àwọn CMS ti ìjọ Áńgílíkà dé ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ẹsẹ kẹtàdínlógún nínú Àwọn Ẹsẹ Ẹ̀kọ́ 39 tí ìjọ wọn ń tẹ̀ lé sọ̀rọ̀ lórí ìyàn-tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1846, àwọn Presbyterian dé Calabar. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ Westminster ti ọdún 1646 tí wọ́n ń tẹ̀ lé kọ́ni pé Ọlọ́run pinnu ohun gbogbo, ṣùgbọ́n kò tìtorí rẹ̀ fi ipá mú ìfẹ́ inú ẹ̀dá. Ní ọdún 1911, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Dutch Reformed láti Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin àwọn Tiv. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni ìjọ NKST ti jáde, ìpinnu Dort sì wà nínú ogún ẹ̀kọ́ rẹ̀ títí di òní.

Nítorí náà, nínú kíláàsì kan ṣoṣo ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀, ọmọ NKST lè jókòó ti ọmọ Mẹ́tọ́díìsì, kí ọmọ Kátólíìkì wà ní ẹ̀yìn wọn. Ohun tí ọ̀kan gbà gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ pọ́nbélé, èkejì lè gbà pé àṣìṣe ni. Olùkọ́ tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò kàn máa kọ́ wọn ní ohun tí pásítọ̀ tirẹ̀ sọ.

Àyànmọ́, kádàrá àti ìyàn-tẹ́lẹ̀

Ìwé Róòmù wà lára àwọn ìwé Bíbélì tí Samuel Àjàyí Crowther kọ́kọ́ túmọ̀ sí Yorùbá. Ó jáde ní ọdún 1850. Láti ìgbà náà ni Yorùbá ti ń ka ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù lórí yíyàn Ọlọ́run ní èdè tí ó ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nípa yíyàn. Ibí yìí ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, ènìyàn ni ó kúnlẹ̀ ní ọ̀run láti gba ìpín rẹ̀. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tí ó jáde ní ọdún 1962, ṣe àlàyé ọ̀nà mẹ́ta tí ìpín fi ń di ti ẹni: àkúnlẹ̀yàn, àkúnlẹ̀gbà àti àyànmọ́. Ìtàn àwọn tí ó lọ yan orí ní ilé Àjàlá wà nínú Ifá pẹ̀lú. Bí a bá gbé èyí ka iwájú ìyàn-tẹ́lẹ̀ ti Krìstẹ́nì, ìyàtọ̀ mẹ́ta ni ó fara hàn. Lọ́nà kìíní, nínú àkúnlẹ̀yàn, ènìyàn ni ó yàn. Nínú ìwé Róòmù, Ọlọ́run ni ó yàn. Lọ́nà kejì, ìpín dá lórí ọmọ, owó, ẹ̀mí gígùn àti irú ikú tí a ó kú. Ṣùgbọ́n ohun tí Róòmù 8:29 sọ pé a yan ènìyàn fún ni kí ó lè jọ Kristi. Kò sí èsì ìdánwò tàbí ìjàǹbá ọkọ̀ nínú ẹsẹ náà. Lọ́nà kẹta, Ifá ni a fi ń wádìí ìpín, ṣùgbọ́n Krìstẹ́nì gbà pé ìwàásù ìhìnrere ni ìpè náà gbà ń dé etí ẹni.

Kádàrá ní tirẹ̀ ti inú èdè Lárúbáwá wá. Àwọn Haúsá náà ń pè é ní ƙaddara. Ìgbàgbọ́ nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ìpìlẹ̀ ìgbàgbọ́ Mùsùlùmí. Àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù náà ti jiyàn lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, ẹ̀kọ́ wọn kò sì fi ọwọ́ sí ìmẹ́lẹ́.

Ó yẹ kí á fi kún un pé àṣà tiwa pàápàá kò sọ pé kí ènìyàn káwọ́ gbera. Yorùbá gbà pé orí nílò ẹsẹ̀. Bí orí bá dára tí ẹsẹ̀ kò bá rìn, ire kò ní dé. Wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ yóò bá a dákẹ́. Àwọn Igbo náà ní bí ẹni bá gbà, chi rẹ̀ yóò gbà. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó bá fi àyànmọ́ tàbí kádàrá ṣe àwáwí kò rí ẹ̀rí gidi mú wá láti inú Bíbélì, láti inú àṣà, tàbí láti inú ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù.

Ewu tí ó wà ní apá kejì

Bí a bá ti ń lé ìmẹ́lẹ́ jáde, kí á ṣọ́ra kí á má ṣubú sí apá kejì. Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ fún aláìsàn pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó tí kò fi rí ìwòsàn, tàbí fún àgàn pé àdúrà rẹ̀ ni kò gbóná tó. Èyí ti gbé ohun gbogbo lé ènìyàn lórí, bí ẹni pé Ọlọ́run ń dúró de ọwọ́ ẹ̀dá kí ó tó lè ṣe ohunkóhun. Ẹrù yìí wúwo ju èyí tí Pelagius gbé lé ènìyàn lọ, nítorí ìwà ni Pelagius ń béèrè, kì í ṣe ìwòsàn. Ẹ̀kọ́ nípa àṣẹ Ọlọ́run wúlò níbí: ó ń tu ẹni tí ó ti sa gbogbo ipá rẹ̀ nínú. Yorùbá ní rírò ni ti ènìyàn, ṣíṣe ni ti Ọlọ́run. Ẹni tí ó ti rò, tí ó sì ti ṣe tirẹ̀, ni òwe yìí bá wí.

Àbá fún àwọn tí ń kọ́ olùkọ́

Èkíní, kí á jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ọ̀rọ̀ dé òpin. Jeremáyà 18:1-6, ìtàn amọ̀kòkò, ni a sábà máa ń fi kọ́ni ní àṣẹ Ọlọ́run. Bí a bá dúró ní ẹsẹ 6, ènìyàn jọ amọ̀ tí kò lè ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 7 sí 10 sọ pé bí orílẹ̀-èdè bá yípadà, Ọlọ́run yóò yí ìpinnu ibi padà; bí ó bá sì ṣe búburú, yóò yí ti rere padà. Amọ̀ inú ìtàn yìí ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ó sì ń dáhùn.

Èkejì, kí á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ láti to gbogbo ẹsẹ tí ó sọ̀rọ̀ nípa ọkàn Fáráò sí ọ̀nà mẹ́ta: ibi tí Fáráò ti sé ọkàn ara rẹ̀ le, ibi tí Ọlọ́run ti sé e le, àti ibi tí a kò ti sọ ẹni tí ó ṣe é. Ohun tí wọ́n bá fi ojú ara wọn rí kò ní kúrò lọ́kàn wọn.

Ẹ̀kẹta, kí á kọ́ wọn láti ya àyànmọ́, kádàrá àti ìyàn-tẹ́lẹ̀ sọ́tọ̀, kí wọ́n sì lè sọ ìyàtọ̀ wọn ní èdè abínibí wọn. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ni ní Igbo, Haúsá tàbí Tiv yóò rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú èdè tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí olùkọ́ ṣe àlàyé ohun tí ìjọ kọ̀ọ̀kan gbà láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìdánwò kò béèrè pé kí ọmọ di ọmọ ẹ̀yìn Calvin tàbí ti Arminius. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí ó mọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi gba ohun tí ó gbà.

Ìkádìí

Àwọn ìjọ kò fohùn ṣọ̀kan lórí bí Ọlọ́run ṣe ń ṣàkóso láìgba òmìnira lọ́wọ́ ẹ̀dá. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, lẹ́yìn orí mẹ́ta gbáko lórí ọ̀rọ̀ náà, fi ìyanu sí ìjìnlẹ̀ ọgbọ́n Ọlọ́run kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ ní Róòmù 11:33. Ṣùgbọ́n lórí ohun kan, Augustine àti Arminius, Dort àti Trent, Calvin àti Wesley pàdé: ènìyàn yóò jíhìn. Nítorí náà, nígbà tí awakọ̀ bá kó èrò sínú kòtò, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lè sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni, a kò sì ní bá a wíjọ́. Awakọ̀ náà kọ́ ni ó yẹ kí ó sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni olùkọ́ tí kíláàsì rẹ̀ fìdí rẹmi: kí ó kọ́kọ́ wo ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó wo ojú ọ̀run.